Òwú Oníkókó Tí Ó Lọ sí Òkèhò

Ẹ̀yìn Ọjà Ńlá,
Warri.
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, 1999.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú itan àgbò tí ẹ kò fi ránṣẹ́ sí wa. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń ránṣọ bí ẹni pé ọdún kò ní dé mọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Nasirudeen ń lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté, níbi tí ó ti ń bá àwọn oníkọ̀ńténà kọ ìwé ẹrù, èmi náà ń ta aṣọ ọmọdé mi nínú Ọjà Ńlá. Ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé ní kánjúkánjú. Qudrah ọmọ yín ti pé ọdún méje, ó sì ti ka Kùránì dé ibi tí Alùfáà fi ní kí a ṣe nǹkan fún un. Mo pè é, mo bi í pé kí ló fẹ́, aṣọ ni àbí bàtà. Ẹ mọ ìwà rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá mi látòkè délẹ̀, ó wá fi Píjìnì dá mi lóhùn: "Mama, I no want cloth. Na BMX I want."

BMX yìí, kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni. Kò ga, táyà rẹ̀ nípọn, ọwọ́ rẹ̀ yọ sókè bí ìwo àgbò, àwọn ọmọ sì máa ń fi fò lórí òkúta bí ẹni tí kò ní ìyá nílé. Jemima, ọmọ àwọn Ìlàjẹ tí a jọ ń gbé inú yáàdì kan, ní ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ tó ń pẹja ní Ubeji ló rà á fún un. Láti ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ náà ti wọlé ni Qudrah kò ti jẹ́ kí a gbádùn.

Bàbá, a kò mọ èyí tí a ó rà. Tòkunbọ̀ wà ní èbúté, tuntun wà lọ́jà tó ń dán tí ojú kò fẹ́ẹ̀ lè wò ó. Owó wa kò pọ̀, a kò sì fẹ́ èyí tí yóò kán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nasirudeen ń béèrè kiri lọ́dọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà, mo wá sọ fún un pé bàbá mi fi ogójì ọdún tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkèhò, kí ni mo tún ń wá lọ sí Sókótó. Ẹ bá wa dá sí i.

Mo mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ, pé obìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ sì fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn, etí mi ọ̀tún ṣì ń hó títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti Qudrah bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn,
Sàlíhátù.

---

Òkèhò.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin, 1999.

Sàlíhátù Àsàkẹ́, ọmọ mi,

Akóredé onílọ́rì fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ kí ó tó já ẹrù kan ṣoṣo. Mo dúpẹ́ pé ẹ wà dáadáa. Ní ti itan àgbò, ẹni tí kò wálé ọdún kì í bi ẹran léèrè. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má ṣe jẹ́ kí Qudrah gbàgbé orúkọ òun. Orúnkún mi ni ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọdún kẹrin rèé tí n kò ti lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin kẹ̀kẹ́ Rálè mi, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ wo BMX tí o sọ. Olúgbémi tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ó gbé ọ̀kan jáde. Mo wò ó yí ká: kò ní máágádì, kò ní káríà, kò ní aago, kò ní iná. Mo bi í bóyá wọn kò tíì ṣe é tán ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà fi sá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sókè, mo rí i pé irin rẹ̀ kì í ṣe irin ṣeré. Mo gbà pé kẹ̀kẹ́ ni.

Nítorí náà, gbọ́. Ẹ má fi ojú ra kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi rà á. Kí ọkọ rẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ó yí táyà, kí ó wò ó bóyá ó ń ṣe jágajàga. Kí ó fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, kí ó wá lọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ bá yí tí táyà kò yí, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ó fi èékánná ha ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, nítorí ọ̀dà ni àwọn ọlọ́jà fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Tòkunbọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí tí egungun rẹ̀ le sàn ju tuntun tó ń dán lọ, kò sì ní gbọ́n àpò yín gbẹ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ ọmọ mu. Kì í ṣe bàtà ọdún tí à ń rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ni yóò kàn án. Jẹ́ kí Qudrah bọ́ bàtà, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Mú òwú, wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ ìdí títí kan ilẹ̀, ta kókó sí i, kí o sì fi ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni yóò bá a wá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Redíò kò sọ dáadáa nípa Warri yín. Wọ́n ní ìjà lórí ilẹ̀ kò tíì tán, pé àwọn ọmọ ń kó ìbọn gba orí omi. Jẹ́ kí Qudrah wá bá wa nígbà ìsinmi, kí ó sì kúkú dúró kàwé níhìn-ín. Yóò kọ́ láti fi Yorùbá dáhùn bí ọmọ èèyàn, ọkàn ẹ̀yin náà yóò sì balẹ̀. Òkèhò ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò ti máa dúró dè é. Kì í ṣe Warri.

Ní ti etí rẹ, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.

---

Warri.
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, 1999.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrìn-àjò Ìsẹ́yìn. Mo ka ìwé yín sétígbọ̀ọ́ Nasirudeen lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ tó báyìí ni òun fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó ti rí BMX pupa kan lọ́jà, tuntun, ó sì ti ń múra láti sanwó. Lẹ́tà yín dé, ó padà lọ síbẹ̀, ó ba nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Ọlọ́jà wò ó, wò ó, ó ní, "Oga, you wan buy am abi you wan peel am?" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ṣí lóòótọ́, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti lanu. Nasirudeen wálé pẹ̀lú ọ̀dà pupa lábẹ́ èékánná, ó ń fi han gbogbo èèyàn bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó ní kí n kí yín kú ọgbọ́n.

Òwú náà rèé nínú ìwé yìí, òwú pupa, kí ó má baà sọnù. Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n wọ̀n ọ́n. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dúró gbọnrangandan, kò tilẹ̀ mí. Edé tó wà nínú ọ̀rá jẹ́ ti Ìyá, ẹja gbígbẹ jẹ́ tiyín. Ìyá Jemima ló bá mi yan ẹja náà, wọn kì í tàn wọ́n jẹ nídìí ẹja.

Ní ti pé kí Qudrah wá dúró sí Òkèhò, Bàbá, n kò lè ṣe é. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Mo fẹ́ máa rí i ní àràárọ̀, kí n máa bá a jà lórí irun dídì, kí ó máa fi Píjìnì rẹ̀ sọ mí lórúkọ. Ìlú wà ní jẹ́jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, a ń lọ a ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ dẹ ọmọ mi bí ẹní fi àgbàdo dẹ pàkúté. Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ fún un níbi tó wà. Nígbà tèmi ẹ ní n kò gbọdọ̀ gùn ún rárá, nígbà tirẹ̀ ẹ ní kò gbọdọ̀ gùn ún lọ́dọ̀ mi. Èwo ni kí a mú nínú rẹ̀?

Ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi ti di ẹnu ará Warri.

Ọmọ yín tí kò tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn,
Sàlíhátù.

---

Òkèhò.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún, 1999.

Sàlíhátù,

Òwú dé, edé dé, ẹja dé. Ẹja náà dára, kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Jemima.

Mo na òwú rẹ sórí tábìlì, mo sì pe ìyá rẹ wá wò ó. Mo bi í pé ṣé ọmọ ọdún méje ló ni ẹsẹ̀ yìí ni àbí ti ògòǹgò. Ìyá rẹ mú òwú náà, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di màṣíìnì mú kí ó má baà ṣubú. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá ẹja ló ń mú àwọn ọmọ etí omi ga.

Olúgbémi ti bá mi rí férémù BMX tòkunbọ̀ kan, àwọ̀ búlúù, irin tó le. Táyà ogún íǹṣì ni mo ń fi sí i gẹ́gẹ́ bí òwú ṣe wí. Èmi fúnra mi ni mo ń tò ó. Ọdún mélòó ni n kò ti to kẹ̀kẹ́ odidi, àwọn ọmọ àdúgbò ń wá dúró wò mí. N kò ní purọ́, inú mi ń dùn sí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò yí padà. Akóredé yóò gbé Qudrah wá nínú oṣù Keje. Bí kò bá wá, n ó gbé kẹ̀kẹ́ yìí fún ọmọ ẹlòmíràn, n kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bí ọ, kì í ṣe ìwọ ni o bí mi.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.

---

Òkèhò.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 1999.

Sàlíhátù ọmọ mi,

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí n kò rí ìwé yín. Akóredé dé Benin, wọ́n ní kí ó yí padà, pé àwọn sójà wà lójú ọ̀nà Warri. Redíò ní ìbọn ń dún, pé wọ́n ń sun ilé, pé ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé. Wọn kò dárúkọ àdúgbò yín, mo sì ń gbọ́ ìròyìn náà títí bátìrì fi kú.

Ìyá rẹ ti dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn jókòó ti màṣíìnì, ó ń wo ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ pé n ó gbé kẹ̀kẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn, mo kó o jẹ. Inú ló bí mi. Ẹ kọ̀wé.

Bàbá rẹ.

---

Òkèhò.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1999.

Àsàkẹ́,

Mo tún ń kọ èyí, bí n kò tilẹ̀ mọ ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. N kò béèrè kẹ̀kẹ́, n kò béèrè Òkèhò. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí o kọ, pé ẹ wà. Bí ó jẹ́ ẹ̀yìn páálí ṣúgà ni o rí, kọ ọ́ síbẹ̀.

Bàbá rẹ.

---

Warri.
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, 1999.

Bàbá mi,

A wà. A wà o, tọkọtaya àtọmọ, kò sí ẹni tí irun orí rẹ̀ já. Àná ni Akóredé rí ọ̀nà wọlé, ó sì kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka èyí tí ẹ fi ń bínú, mo ka méjì yòókù, mo jókòó sórí àpò gaàrí mo sunkún. Ẹ má bínú pé ẹ ṣàníyàn. Ẹni tí a ó fi ìwé rán ni kò sí.

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan tí mo ti pàtẹ aṣọ tán lọ́jà. A gbọ́ ìró ìbọn, gbogbo wa sá. Mo sáré gbé Qudrah ní ilé ìwé, ọ̀hún ni mo ti pàdé Ìyá Jemima tó wá gbé tirẹ̀. A ti géètì yáàdì, a kò sì ṣí i fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èbúté tì, ọjà tì. Bàbá Jemima wà lórí omi ní Ubeji nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ló tó wọlé, àwọ̀n rẹ̀ lórí. Gaàrí tiwa àti ẹja tiwọn la jọ jẹ.

Ìbẹ̀rù náà kò kéré, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gba ohun tó tẹ̀lé e gbọ́.

Àwọn ọmọ kò lè jáde, ariwo wọn sì ń jẹ́ kí àyà wa máa já. Ìyá Jemima wá gbé BMX jáde sáàárín yáàdì, ó ní kí wọ́n máa gùn ún láti ìdí kànga dé géètì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta, Qudrah ti mọ̀ ọ́n gùn. Ọjọ́ kẹrin, Ìyá Jemima ní òun náà yóò dán an wò, ó sì gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá lọ, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì bò ó lórí. Bàbá, a kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀. Ni mo bá dìde. Mo wọ ṣòkòtò Nasirudeen sábẹ́, mo ká ìró mi sókè, mo jókòó lé e. Qudrah di ẹ̀yìn ìjókòó mú fún mi, ó ń pàṣẹ fún mi bí ọ̀gá: "Mama, no look ground. Look front." Mo wo iwájú. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀yìn réré ló ti ń bọ̀. Ó ti fi mí sílẹ̀ láti ìdí kànga. Èmi nìkan ni mo gùn ún dé géètì.

Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni mí. Mo dúró níbi géètì yẹn, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Kẹ̀kẹ́ Jemima kéré, ẹsẹ̀ Qudrah sì kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀. Mo rántí òwú. Bàbá, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tán, mo fi ìbú ọwọ́ kan kún un kí n tó ta kókó. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Bí mo ṣe ń ṣe aṣọ ọmọdé nìyẹn, bí Ìyá ṣe kọ́ mi: a kì í wọn ọmọ láìfi ti ìdàgbà kún un. Mo wá ní kí Qudrah tún fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó nàgà. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló dúró sí. Mo ní ṣé bí o ṣe dúró lọ́jọ́sí nìyí. Ó ní, "I want make the bicycle big."

Nítorí náà, ẹsẹ̀ tí ẹ rí kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kankan. Ẹ dákun, ẹ má bínú lórí làálàá yín.

Ní ti Òkèhò, mo ti rò ó dáadáa nínú yáàdì yẹn. Ọmọ tó di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú fún mi, n kò lè jẹ́ kí ó jìnnà sí mi. Bí ó bá di sísá, a ó jọ sá. N kò ní rán an lọ, Bàbá, kódà bí kò bá rí kẹ̀kẹ́ láéláé.

Ọmọ yín tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn díẹ̀,
Sàlíhátù.

---

Òkèhò.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, 1999.

Sàlíhátù Àsàkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Nígbà tí mo ka "A wà", ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn rò pé orúnkún ni. Ìyá rẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti padà sídìí màṣíìnì, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi, mo sì dúpẹ́ fún ariwo náà.

Ìyá rẹ mọ̀. Ọjọ́ tí ó fi ìka wọn òwú yẹn ló ti rí ìbú ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Ó ní ọmọ aránṣọ ni ọ́, àfikún ni iṣẹ́ yín. Kò sọ fún mi nítorí pé ó fẹ́ wo ibi tí ọgbọ́n mi máa dé. Ibi tó dé nìyí: èmi tí mo sọ fún ọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bàtà ọdún, mo fi ìka méjì kún òwú náà kí n tó gé irin ìjókòó. Mo ní bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọmọ nàgà, ìyá fi ìbú ọwọ́ kún un, bàbá àgbà fi ìka méjì lé e. Kẹ̀kẹ́ búlúù náà ti wà lórí ìkọ́, ó dára, ó sì tó obìnrin àgbà gùn. Olúgbémi tilẹ̀ ní àwọn àgbà ń gun ogún íǹṣì yìí lókè òkun.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń fi pa mọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo rí ọ lórí kẹ̀kẹ́ oníbàárà mi, tí mo gbá ọ létí, o kò ṣubú. O ti ń mọ̀ ọ́n gùn díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ló dúró tí wọ́n ń wò mí, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ojú tì mí, mo sì gbé ìtìjú mi lé ọ létí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, o sùn lọ́sàn-án lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo mú òwú, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ, mo ta kókó sí i. Mo fẹ́ to kẹ̀kẹ́ kékeré fún ọ. Mo ti ra táyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tún bẹ̀rù ẹnu ayé, mo ta táyà náà. Òwú yẹn ṣì wà nínú agolo tí mo ń kó nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ sí. Ó ti dúdú, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò tú.

Mo jẹ̀bi rẹ, Sàlíhátù. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi pẹ́ jù. Kẹ̀kẹ́ búlúù náà, ìwọ ni mo tò ó fún.

Ti Qudrah ni pupa kékeré tí wọ́n jọ wà nínú lọ́rì, táyà mẹ́rìndínlógún íǹṣì. Tòkunbọ̀ ni, Olúgbémi fún mi ní iye tí ó yẹ ọ̀gá rẹ̀. Mo ti ha gbogbo ojú rẹ̀, ó le. Ìyá rẹ ló ṣírò ẹsẹ̀ ọmọ náà fún mi: ó yọ ìbú ọwọ́ kan, ó yọ ohun tí ọmọ fi nàgà, ó sì yọ ìka méjì tèmi pẹ̀lú ẹ̀gàn. Warri ni méjèèjì ń bọ̀. Mo ti ká pàkúté mi kúrò. Ọmọ tó mú ìyá rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kí ó wà. Àdúrà la ó máa ṣe.

Má sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó fi páálí wé búlúù náà, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Irin àárín rẹ̀ kò ga bíi ti Rálè. Mo gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọjá. Mo gùn ún yí igi máńgòrò ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ni mo rí ìyá rẹ lójú fèrèsé, láti ìgbà náà ni n kò ti gbádùn nínú ilé yìí.

Bàbá rẹ tó ń tọrọ àforíjì,
Hàmídù.

---

Warri.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, 1999.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú inú rere, ẹ kú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi tù mí nínú. Mo ti dárí jì yín kí n tó ka ìlà náà tán. Etí ọ̀tún mi ti dákẹ́.

Akóredé já àwọn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Qudrah kò jẹ́ kí a tú páálí, eyín ló fi já okùn. Ó jókòó lórí pupa náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Mama, e fit me." Nasirudeen tún ba nílẹ̀, ó ń ha ọ̀dà. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, bàbá mi ti ha gbogbo rẹ̀.

Kónílé-ó-gbélé ti dẹwọ́, a ti lè jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Lánàá, èmi lórí búlúù, Qudrah lórí pupa, Jemima lórí tirẹ̀, a gùn ún láti yáàdì dé mọ́sáláṣí, a sì gùn ún padà. Híjáàbù mi ń fẹ́ lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin ọjà dìde nídìí igbá, ẹnì kan ké sí mi pé, "Madam, carry go." N kò wo ilẹ̀. Iwájú ni mo ń wò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ igi máńgòrò fún Nasirudeen. Ẹ má bínú, ẹnu mi kò gbà á. Ó ti lọ yan BMX tòkunbọ̀ kan sílẹ̀ ní èbúté láti àárọ̀, àwọ̀ dúdú, ó ti fi orúnkún há táyà rẹ̀, ó ti ha gbogbo ojú rẹ̀. Akóredé yóò gbé e bọ̀. Ìwọ̀n ẹni tí yóò gùn ún ló kù, Qudrah sì ní òun ni yóò kọ ìyẹn fún yín, ní Yorùbá, pé kí n má ràn án lọ́wọ́. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí, n kò fọwọ́ kàn án.

Ọmọ yín tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn,
Sàlíhátù Àsàkẹ́.

*Baba agba, e se fun keke mi. O sweet gan. Mo ti gun un lo mosalasi. Mummy na gun, ko subu. Daddy ti ri keke fun yin. E bo bata. E feyin ti ogiri. Ki Mama agba fi owu won ese yin ki won ta koko si. E ma naga o.*

*Qudrah.*